Ẹ Bi Ẹnu Ọ̀nà Kékeré Léèrè

Oníbéèrè ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo sì kí ọ kú ìfaradà ọ̀gá. Ṣé ara le? Ara tiwa náà le, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọlọ́run tó bá wa wò ọ́ dàgbà kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń pariwo mọ́ ọ. Ìyá rẹ ṣe àmín sí i láti ibi tó ti ń ká aṣọ.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òrùlé tó ń jò ti dákẹ́, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin sì ti kun ilẹ̀kùn wa ní àwọ̀ kan tí èmi kò ní sọ̀rọ̀ lé lórí. Lẹ́tà rẹ dé láyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á sókè fún ìyá rẹ, nítorí ibi tí o ti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ le ju egungun lọ.

Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ gbé òṣìṣẹ́ kan gun sátẹ́láìtì, ẹ rán an lọ sí gbalasa òfurufú kó máa ka àwọn ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù tó ń sáré kọjá, kó sì máa ya àwọn alágbára sọ́tọ̀ lára àwọn tí kò lágbára. Ìyá rẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí òṣìṣẹ́ náà ń jẹ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé wọn kò ní rán ènìyàn lọ sí irú ibẹ̀ láì di oúnjẹ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló wá là wá lóye pé ẹ̀rọ ni, pé kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Ìyá rẹ ní ẹ̀rọ ni o, ènìyàn ni o, ẹni tó bá dá wà lókè yẹn yẹ lẹ́ni tí à ń kí, nítorí náà ó ń kí i láràárọ̀ bó bá ń sá aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tún ní ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù yìí kan náà ló ń mú iná wá sínú gílóòbù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wá ni ti kíkà lásán? Iná wa ti lọ láti ọjọ́ Ajé. Bí ẹ bá kà wọ́n tán, bá mi bu díẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, nínú àwọn alágbára yẹn ni o, kí o fi rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò gan-an nìyí. O ní ìjì kan jà láti inú oòrùn, gbogbo yín ń retí kí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù ya dé bí eṣú, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìjì le jù ni iye tí ẹ̀rọ rẹ ń kà já wálẹ̀. Ọ̀gá rẹ wá ní kí o fọwọ́ síwèé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pé ìwọ lo kọ́ ẹ̀rọ náà láìdára, kí wọ́n lè gbé ti sátẹ́láìtì kejì tí ẹ fẹ́ rán lọ fún ẹlòmíràn. O ní ó ti rẹ̀ ọ́, o fẹ́ fọwọ́ sí i kó parí.

Mo ti lọ wo àwòrán ìlà iye tí ẹ̀rọ rẹ kà, tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ni ìlà náà bá yọ́ jáde ní ẹ̀gbẹ́ fóònù. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó dá a padà kíá, kí wọ́n má tún sọ pé ìwọ lo sọ ọ́ nù. Ó dá a padà. Ìlà náà gòkè, ó gòkè, ó já lulẹ̀, ó sì tún gòkè. Ọmọ mi, mo mọ ìlà yẹn bí ẹni mowó. Ohun tí àgbà rí níjòókòó, bí ọmọdé gun sátẹ́láìtì, kò lè rí i.

O kò tíì dáyé nígbà tí mo ń ka èrò ní ẹnu ọ̀nà èbúté. Irin kékeré kan ló wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹnì kan bá kọjá, màá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà yóò sún. Ṣùgbọ́n irin náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ta padà kí n tó lè tún un tẹ̀. Ẹni tó bá kọjá kó tó ta padà, kò sí nínú ìwé. Bí èrò bá ń rọra bọ̀, kò séwu. Lọ́jọ́ kan, afárá tó wà lókè odò bàjẹ́, gbogbo ayé wá wọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ya lù mí, mo ń tẹ̀, mo ń tẹ̀, irin kò ráyè ta padà mọ́. Ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù ni nọ́ńbà mi kéré jù. Ẹ̀rọ rẹ kò bàjẹ́, èrò ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi fún aláboyún àti arúgbó, ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń kà níbẹ̀ kì í rí èrò kà, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ náà, tirẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó wò ó. Ìwọ náà kọ̀wé pé ihò méjì ni ẹ̀rọ rẹ ní tí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù ń gbà wọlé, pé ẹ kì í wo ti kékeré nítorí kì í rí nǹkan kà. Lọ wò ó! Bó bá gòkè nígbà tí ti ńlá já, gbé e tọ ọ̀gá rẹ lọ, kí o sì fi ọ̀wọ̀ gbé e, nítorí ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ kejì, alábòójútó èbúté gbé ìwé wá pé mo sùn lẹ́nu iṣẹ́. Mo lè ní kí wọ́n wo ti ẹnu ọ̀nà kékeré. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ kó parí, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n gba irin lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní ìgbálẹ̀ tí o bá lọ́wọ́ mi nígbà tí o dáyé, ọdún mọ́kànlá ni mo sì fi gbá èbúté náà. Mo sọ fún ìyá rẹ pé èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ ìgbálẹ̀ náà, nítorí afẹ́fẹ́ ìta. Ó ń dùn mí di òní. Ìyá rẹ ń wò mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó rò pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́rú. N kò ní wọlé bá yín, màá kàn jókòó sórí àga níta yàrá tí wọ́n ti fẹ́ kí o fọwọ́ síwèé náà. Ìyá rẹ ní kí o fi owó awò ojú kún un, òun fẹ́ rí ẹni tí òun ń kí láràárọ̀.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ẹnu rẹ kò ní wúwo. Wọn kò ní gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ fún ẹlòmíràn. Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀, ẹsẹ̀ tìrẹ yóò múlẹ̀ níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò sùn lọ́jọ́ náà.