Ojú Táyé Tó Kù Sára Dígí

                                        Ilé Ìyá Ìbejì,
                                        Ẹ̀bá ọ̀nà Kaboua,
                                        Ṣábẹ̀ẹ́.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Faïzatou, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Jọ̀wọ́, má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé kò tọ́ sí mi. Nígbà tí bàbá rẹ kú ní oṣù kọkànlá, n kò wá, n kò pè ọ́, n kò rán ẹnikẹ́ni. Mo wà ní Kùtọnù, ìdánwò wà níwájú mi, mo sì ń sọ fún ara mi lójoojúmọ́ pé lọ́la ni n óò pè ọ́. Lọ́la náà di oṣù márùn-ún. Nígbà tí mo wá fẹ́ kọ̀wé wàyí, ẹ̀bẹ̀ ni mo tún gbé wá. Ó tì mí lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fa ìwé yìí ya, tí mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé fún un? Rachida kékeré ńkọ́? Ìyá mi sọ fún mi pé ó ti ń rìn, pé ó ti fa abọ́ omi gbígbóná lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ ọ́. Bá mi dì í mọ́ra. Àjàṣẹ́ ńkọ́, ṣé ara rẹ ti mọ́lé níbẹ̀? Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Ní tiwa níbí, òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, kajú ń já bọ́, eruku sì ti rọlẹ̀ díẹ̀ lórí àwọn òkè wa. Ara ìyá mi le. Ara tèmi náà le, bí ó bá ṣe pé ara nìkan là ń wò.

N kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Mo pè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ láti fóònù ẹlòmíràn, o gbé e, o ní, "Ta nìyẹn?" Mo sì gé e. Èmi ni.

O mọ̀ pé ọdún kìn-ín-ní ni mo wà nílé-ẹ̀kọ́ fótò. Olùkọ́ wa ni Mùsíọ̀ Jean-Baptiste, ọmọ Kétu, ẹni tó máa ń fi Faransé kọ́ wa, tó máa ń fi Yorùbá bú wa. Lóṣù kejì, ó ní kí kálukú ya fótò ara rẹ̀, ojú nìkan, kí ohun mìíràn má sí níbẹ̀. Mo rò pé kò sí iṣẹ́ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Mo ya ogójì. Nínú gbogbo rẹ̀ pátá, apá ọ̀tún ni mo jókòó sí, apá òsì ṣófo. N kò mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ulrich tó máa ń jókòó lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ rí i, ó sì pariwo pé, "Kẹ́hìndé, ọkọ wo lò ń bá di ìjókòó mú? Sọ fún un kó tètè dé o, fíìmù ti fẹ́ tán!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mùsíọ̀ Jean-Baptiste nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn fótò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi orúkọ ìwé mi pè mí, ó ní, "Madeleine, ta lò ń fi àyè sílẹ̀ fún?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Lọ tún un yà. Fi ara rẹ sáàárín."

Mo lọ tún un yà. Nígbà tí mo fi ara mi sáàárín, ojú mi dà bí ojú ẹni tí wọ́n mú dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní tèmi, kò tilẹ̀ dá mi lójú pé ọ̀bẹ náà mú rárá.

Ìwọ mọ ẹni tí mo ń fi àyè sílẹ̀ fún. Ìwọ wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni èmi àti ìwọ nígbà náà. Táyé ti lọ ní ọdún tó ṣáájú, ibà ló mú un. Nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń sọ pé ó lọ sọ́jà. Ìyá mi kò ní fótò kankan tí àwa méjèèjì jọ yà. Nítorí náà ó mú mi wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, bí àwọn ìyá ìbejì ti máa ń ṣe, pé kí wọ́n ya ẹni tó kù lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì so méjèèjì pọ̀. Àwọn ayàwòrán yòókù nílùú ti ń lo kámẹ́rà tuntun, ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò fi fíìmù sílẹ̀. Wọ́n fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, wọ́n yà mí lápá ọ̀tún bí Kẹ́hìndé. Ìwọ dúró lẹ́yìn wọn, ò ń yọ ahọ́n sí mi, mo sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi bọ́ aṣọ mi, ó wọ aṣọ Táyé fún mi. Aṣọ kan náà ni wọ́n rán fún wa, ṣùgbọ́n mo ti fi ọdún kan dàgbà ju tirẹ̀ lọ. Ó há mọ́ mi láyà débi pé n kò lè mí dáadáa. Ìyá mi ní, "Táyé, wo Bàbá." Mo yíjú wẹ̀yìn, mo rò pé ó ti ọjà dé. Bàbá rẹ ní, "Ìwọ ni. Ìwọ ni Táyé báyìí, ọmọ mi. Jókòó bó ṣe máa ń jókòó." Ìwọ náà kò yọ ahọ́n mọ́. Ìyá mi tún pe Táyé. Mo di èémí mú, mo dáhùn pé, "Màmá." Ìgbà yẹn ni wọ́n tẹ kámẹ́rà.

Fótò yẹn ti wà lára ògiri wa láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan wà láàárín rẹ̀, níbi tí ìdajì kìn-ín-ní àti ìkejì kò ti pàdé dáadáa. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá mi máa ń fi etí ìró rẹ̀ nu dígí rẹ̀. Apá òsì ló máa ń kọ́kọ́ nù, nítorí Táyé ló kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò. Á ní, "Táyé, o ò jí?" Á wá bọ́ sí apá ọ̀tún, á ní, "Kẹ́hìndé, o ò jí?" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà tí mo ń gbálẹ̀. Nígbà tí mo kéré, èmi ni mo máa ń dáhùn fún àwa méjèèjì.

Lóṣù tó kọjá, a dé orí ohun tí wọ́n ń pè ní móntáàjì, ìyẹn ni kí a mú àwòrán méjì tàbí mẹ́ta, kí a gé wọn, kí a so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà la fi ń ṣe é. A ti pa ilà rẹ́ lójú àwọn àgbàlagbà, a ti sọ dúdú di pupa, a ti gbé ènìyàn sí iwájú ilé tí kò wọ̀ rí. Ọwọ́ mi yá sí i ju ti gbogbo kíláàsì lọ, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. N kò lè ya ojú ẹyọ ènìyàn kan kó dúró bí òun, ṣùgbọ́n mo lè sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Mùsíọ̀ ní, móntáàjì tí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ bá hàn, yálà ó ń jẹ́wọ́ pé wọ́n so òun pọ̀ ni, tàbí ẹni tó ṣe é kò mọṣẹ́. Mo rántí ìlà bàbá rẹ. Mo sọ̀rọ̀ fótò náà fún un lẹ́yìn kíláàsì, ojú rẹ̀ sì tàn, ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ yóò tàn sí mi. Ó ní, "Mú un wá lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde. Ìyẹn ni fótò ara rẹ."

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, ìyá mi lọ sóko kajú lọ́nà Sakin, ó ní ó di ọjọ́ Ẹtì kí òun tó dé. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fótò náà kalẹ̀, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Òjò ti jò sí i nígbà kan, bébà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ dígí lápá òsì. Faïzatou, wọ́n ti kọ́ wa. Wọ́n ní bí fótò bá lẹ̀ mọ́ dígí, ẹ má fà á, ẹ yà á bó ṣe wà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fi ìlà pupa sí i nídìí. Mo sì fà á.

Ojú Táyé bọ́ kúrò lára bébà bí awọ orí ẹ̀kọ gbígbóná. Ara rẹ̀ kù, aṣọ tó há yẹn kù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kù lórí itan. Ojú rẹ̀ dúró sára dígí, ó fọ́ wẹ́wẹ́.

Mo jókòó sílẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ya ìyókù fótò náà sínú kọ̀ǹpútà, mo mú ojú Kẹ́hìndé láti apá ọ̀tún, mo yí i padà kó kọjú sí ìhà kejì, mo gbé e lé ọrùn Táyé. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ahọ́n tí o yọ sí mi, bẹ́ẹ̀ Táyé kò rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti pa ẹnu náà dé, ṣùgbọ́n ó ń dà bí ẹnu arúgbó tí kò léyín. Mo bá fi ẹ̀rín díẹ̀ sílẹ̀. Ìlà bàbá rẹ pàápàá, mo fọwọ́ ara mi fà á padà sáàárín. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lọ́jà, mo ra dígí mìíràn, mo gbé e kọ́ ní Ọjọ́bọ̀.

O lè sọ pé kí ló wá burú, ṣebí ojú mi ni méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ṣùgbọ́n ojú tó ya yẹn kì í ṣe tèmi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n pe Táyé lẹ́yìn tó ti lọ, tó sì jẹ́ ìpè, ojú yẹn ló fi jẹ́ ẹ. Mo ti di ọmọ ogún ọdún. Kò sí aṣọ tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ fún mi mọ́ tí n óò fi tún un jẹ́.

Ìyá mi dé lánàá, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó jẹun, ó sùn. Láàárọ̀ yìí ó mú etí ìró rẹ̀, ó lọ síbi fótò. Èmi ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀. Ó dé apá òsì, ó gbé ọwọ́ sókè, kò nù ún. Ó ní, "Kẹ́hìndé, ta ló wá sílé lẹ́yìn mi?"

Mo ní, "Kò sẹ́nìkan, Màmá."

Ó ní, "Hẹn."

Ó wá nu apá òsì, ó ní, "Kẹ́hìndé, o ò jí?" Ó bọ́ sí apá ọ̀tún, ó nù ún, ó ní, "Kẹ́hìndé, o ò jí?" Ó tún ìró rẹ̀ wé, ó sì jáde lọ sá kajú. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà tí mo ń ṣà. Láti àárọ̀ títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ̀wé, ìyá mi kò bú mi, kò sunkún.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Bí o bá kó fíìmù kankan nínú ẹrù bàbá rẹ nígbà ìsìnkú, jọ̀wọ́, gbé wọn sí ojú oòrùn, kí o wò wọ́n. Mo mọ̀ pé kò sí. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà alùpùpù níbẹ̀ ní, "Àwọn garawa fíìmù yẹn? Òjò ti wọ̀ wọ́n kí n tó gba ibí. Mo dà wọ́n sẹ́yìn ojú irin. Ewúrẹ́ pàápàá kò jẹ ẹ́." Mo lọ sẹ́yìn ojú irin. Koríko ni mo rí. Síbẹ̀ mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ, nítorí bí n kò bá béèrè, kò ní sí ohun tí n óò máa retí títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi wọlé, n kò sì mọ̀ bóyá n óò padà síbẹ̀. Dígí àtijọ́ náà wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Bí mo bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo ń rí ojú kan àti díẹ̀ lára ètè.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí ìyá rẹ bí wọ́n bá ṣì wà lọ́dọ̀ yín, kí o sì fi ẹnu ko Rachida lẹ́nu fún mi. Bí o bá ya fótò rẹ̀, tẹ̀ wọ́n sórí bébà, má jẹ́ kí wọ́n wà lórí fóònù nìkan.

Faïzatou, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí, àní ọkọ rẹ. Fi í dá iná. Bí o bá wálé, tí ìyá mi bá mú ọ lọ síwájú ògiri, má sọ pé mo kọ̀wé. Ìwọ nìkan lo kù tó rí ojú Táyé lọ́jọ́ náà, yàtọ̀ sí ìyá mi. Bí ó bá bi ọ́ bóyá Táyé rẹ́rìn-ín, jọ̀wọ́, dákẹ́.

                                        Èmi ni tìrẹ, láti ìgbà iyanrìn
                                        iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ,
                                        Madeleine Kẹ́hìndé.