Obìnrin Tí Kò Sí Nínú Lúùkù

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi lórin Kérésì kí n tó mọ orúkọ ara mi,

Ẹ kú ìsinmi. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí. Ẹ mọ̀ pé ilé ìwé tí mo lọ kò jìnnà, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ìyókù lẹ́nu òwò. Ẹni tó bá dé Ìkàrẹ́ lónìí tó béèrè Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọmọdé ni yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà mi. Èmi ni mo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mò ń gbé. Mọ́tò tó ń gbé búrẹ́dì lọ sí Ugbe àti Ikun, tèmi ni. Kò sí ọkùnrin kan tó fún mi ní búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn kọ́ ni mo fi ń yangàn jù. Ìtàn orin tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ni.

Nínú ìjọ wa, akọrin kan kì í lanu lálẹ́ orin Kérésì kí n tó dìde sọ ohun tí orin náà ń wí. Èmi ni mo ń sọ fún wọn pé àwọn olùṣọ́ àgùntàn ló kọ́kọ́ gbọ́ nítorí pé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà nígbà tí àwọn ọlọ́lá ń sùn. Èmi ni mo ń sọ fún wọn pé òjíá tí àwọn amòye gbé wá, ohun ìtọ́jú òkú ni, pé ibi ìkómọ ni wọ́n ti gbé ohun ìsìnkú kalẹ̀. Tí a bá wá dé ibi ibùjẹ ẹran, mo máa ń rọ ohùn mi sílẹ̀ bíi tiyín, n óò sì mú obìnrin yẹn jáde.

Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo ìlú tilẹ̀kùn. Opó kan ló lé ewúrẹ́ rẹ̀ jáde, tó gbálẹ̀, tó gbé omi kaná, tó fa ìró ìdí rẹ̀ ya sí méjì, tó fi ìlàjì wé ọmọ náà. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo obìnrin ìjọ yín ní Ọ̀kà fi máa ń di etí ìró wọn mú tí orin bá dé ibẹ̀. Èmi ni mo gbé àṣà náà wá sí Ìkàrẹ́. Ẹ rántí pé kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ẹ máa ń bọ́ awò ojú yín, ẹ óò máa nù ún, bẹ́ẹ̀ eruku kankan kò sí lára rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń múra orin sílẹ̀. Ọ̀gá akọrin wa tuntun, ọmọ tí búrẹ́dì mi wà nínú eegun rẹ̀, ní lọ́dún yìí Bíbélì ni kí á kà, kí á yé pìtàn. Mo ní kí ni mò ń sọ tí kò sí níbẹ̀.

“Obìnrin oníró yẹn ni, Màmá.”

Mo yíjú sí ọmọ ọmọ mi. “Ṣí Lúùkù. Kà á sókè kí etí wọn gbọ́.”

Ó kà á. Olùṣọ́ àgùntàn wà níbẹ̀. Ibùjẹ ẹran wà níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ wà níbẹ̀. Mo ní kó ṣí Mátíù, ó ṣí i. Mo ní bóyá ojú ìwé kan ti ya.

Ọ̀gá akọrin ní, “Màmá, àbí ẹ ti po Bíbélì mọ́ ìyẹ̀fun ni?”

Àwọn obìnrin tí mo kọ́ láti máa di etí ìró mú gan-an ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá, ojú tì mí. Mi ò mọ̀ pé ojú ṣì lè ti ẹni bíi tèmi.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà, mo lọ bá àbúrò yín obìnrin, òun nìkan ló kù nínú yín. Ẹ̀gúsí ló ń bó. Mo bi í pé Bíbélì wo ni ẹ ti rí obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

“Bíbélì wo? Ta ló sọ fún ọ pé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni? Ìkàrẹ́ ni.”

“Ìyá, ẹ má fi mí ṣeré.”

“Ìwọ ni ọmọ ọ̀hún.”

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ ń sin Màmá mi lọ bímọ nílé ìyá rẹ̀ ní Ugbe ni ìrọbí mú un ní Ìkàrẹ́. Ọdún tí àrùn ilẹ̀ gbígbóná ń jà ni, ẹnikẹ́ni kì í gba àlejò sílé. Ìyá Sáráátù ló ṣílẹ̀kùn. Opó. Mùsùlùmí. Wọn ò sì tíì gbà yín tán sí iṣẹ́ olùkọ́ni ìjọ nígbà náà, ẹ̀rù ń bà yín ohun tí àwọn àgbà ìjọ yóò wí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe gbé obìnrin náà kúrò ní Ìkàrẹ́, tí ẹ fi í pa mọ́ sínú Bíbélì, ẹ sì sọ fún mi pé inú ilé ìjọ Ọ̀kà ni wọ́n bí mi sí. Gbogbo ayé ni mo ti fi ìyẹn yangàn fún.

Màmá mi kú kí n tó gbọ́n. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè sọ fún mi. Ẹ kò sọ ọ́.

Bàbá, mo mọ Ìyá Sáráátù. Nígbà tí mo ṣì ń gbé búrẹ́dì sórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà, ó máa ń wá ra èyí tó máa fi ṣínu lásìkò ààwẹ̀. Ó máa ń wò mí pẹ́. Mo rò pé búrẹ́dì ló ń yẹ̀ wò. Mo ní kó tètè mú kan, àwọn oníbàárà wà lẹ́yìn. Mo gba owó rẹ̀ bí mo ṣe ń gba ti gbogbo èèyàn. Ó kú, mi ò lọ síbẹ̀. Kí ló kàn mí?

Ta ni ẹ fẹ́ kí n bínú sí? Ṣé ìdí tí ẹ fi ń nu awò ojú yín nìyẹn? Ẹ fún un ní orin, ẹ kò fún un ní ọmọ tó gbà là. Ẹ dalẹ̀ àwa méjèèjì. Ṣé ẹ ti rí i níbi tí ẹ wà? Ṣé ẹ kí i?

Ọ̀gá akọrin ní kí n jókòó lọ́dún yìí. Mi ò ní jókòó. Tí a bá dé ibùjẹ ẹran, n óò dìde, n óò sọ fún wọn pé òótọ́ ni wọ́n wí, obìnrin náà kò sí nínú Lúùkù. N óò dárúkọ rẹ̀, n óò tọ́ka sí àdúgbò rẹ̀, n óò sì di etí ìró mi mú. Ẹni tó bá wù ú kó rẹ́rìn-ín.

Mo ṣì fẹ́ràn yín. Mi ò tíì foríjì yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí wọ́n bí sílé ewúrẹ́, ní Ìkàrẹ́.