Ẹni Tó Bá Olè Di Kẹ̀kẹ́ Mi Mú

                                                            Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
                                                            Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                                            Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé.
                                                            Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Àǹtí mi, ìyá kejì tí mo ní láyé,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. Ṣé eékún yín ti ń gbọ́ oògùn? Ṣé ẹ ti gbà kí àwọn ọmọ máa bá yín gbé omi gun àtẹ̀gùn, àbí agídí yẹn ṣì wà níbẹ̀? Mo mọ èsì rẹ̀ kí n tó bèèrè. Bọ̀dá ọkọ yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti sọ ara wọn di ọ̀gá nínú ilé ìdáná yín, tí wọ́n ń to abọ́ bí ẹni ń to fáìlì. Ẹ ní sùúrù fún wọn. Ẹni tó ti ń pàṣẹ fún odidi ilé iṣẹ́ látọjọ́ yìí gbọ́dọ̀ rí nǹkan pàṣẹ fún, ì báà ṣe ìkòkò. Àkọ́bí yín ńkọ́, ṣé oyún ọ̀hún ń lọ déédéé? Ọlọ́run á sọ ọ́ láyọ̀.

Ara tèmi le, ẹ má fòyà. Iṣẹ́ ń lọ. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mi ò rí ẹni tí màá jókòó rò ó fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀dọ̀ yín ni ọkàn mi sì lọ.

Ẹ ò tíì rí yàrá mi. Béèdì kan, tábìlì kan, àga kan ló wà níbẹ̀. Àga jẹ́ méjì nígbà tí mo kọ́kọ́ kó dé. Mo gbé ìkejì fún ìyàwó onílé, torí aṣọ ni mo kàn ń kó lé e lórí. Ibi iṣẹ́ wa wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn eyín kan. Eyín àtọwọ́dá la ń ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ẹ̀rọ kékeré kan ha gbogbo ibi tó bá rí ṣákaṣàka lára eyín, kí n sì dán an títí á fi máa kọ mànà. Torí ariwo, gbogbo wa la ń di etí wa. Bí ẹ̀rọ bá sì dákẹ́, oníkálukú á ti orin bọ etí tirẹ̀. A lè wà papọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó jẹ́ “ẹ káàárọ̀” àti “ó dàárọ̀” nìkan ló máa jáde lẹ́nu wa.

Ẹni tó jókòó tì mí ni obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Aláwọ̀, nítorí òun ló ń po àwọ̀ tó máa bá eyín tó kù lẹ́nu oníbàárà mu. Láti ọjọ́ tí mo ti gbaṣẹ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń jókòó. Ìgbọ̀nwọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ara wọn.

Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Mo rà á lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń kó kúrò nílùú, mo tú u palẹ̀, mo fọ gbogbo rẹ̀, mo tún un tò. Àwọ̀ ewé ni. Mọ́gáàdì ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ kò sì bá ti ọ̀tún mu, torí ara kẹ̀kẹ́ mìíràn ni mo ti yọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, bí yàrá bá ti sú mi, màá gùn ún jáde. Kò síbi kan pàtó tí mò ń lọ. Àǹtí, bí ènìyàn bá dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tó ń kọjá á máa wò ó pé kí ló ṣe é. Bó bá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló dá gùn, kò sẹ́ni tó máa rò ó rárá. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Àgádágodo tí mo fi ń tì í, bí ẹ bá rí i, ẹ̀yin gan-an á yìn mí. Irin rẹ̀ ki tó apá ọmọ ọwọ́. Ẹni tó tà á fún mi búra pé kò sí ayùn tó lè ràn án. Kò purọ́. Ayùn ò ràn án lóòótọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, àwọn yòókù ti jáde, èmi nìkan ni mo jókòó sídìí tábìlì mi tí mò ń jẹ búrẹ́dì. Mo gbọ́ tí irin ń ké níta. Ariwo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi, òun ni mò ń gbọ́ lójoojúmọ́. Mo tilẹ̀ sọ lọ́kàn ara mi pé ẹni tó ń gé irin yìí mọwọ́ rẹ̀, kò fagbára tì í. Mo rò pé àwọn tó ń tún irin ojú fèrèsé ṣe ni. Kí n tó gbé búrẹ́dì ẹnu mi mì, ariwo ti dákẹ́. Mo fọwọ́ gbá èérún kúrò lórí tábìlì, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí a ṣíwọ́, mo bá àgádágodo mi nílẹ̀ ní méjì. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ń dán gbinrin. Kẹ̀kẹ́ ò sí. Mo mú irin náà lọ́wọ́, mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de èèyàn.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ṣàánú mi. Ó ní kámẹ́rà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó pè mí wọlé, ó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Ọkùnrin kan dé, ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yànrànyànràn, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà máa ń wọ̀. Ó yọ ẹ̀rọ ìgérin oníbátìrì nínú báàgì, kò sí wáyà lára rẹ̀, kò ju nǹkan tí ọwọ́ kan lè gbé lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sán gangan. Iná ń ta jáde lára irin. Bàbá kan fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí iná má ta sí i, wọ́n sì kọjá lọ. Kẹ̀kẹ́ wá ń mì, ó fẹ́ ṣubú. Olè gbójú sókè, ó bá obìnrin kan tó ń bọ̀ sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ti búrẹ́dì rẹ̀ bọ abíyá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di kẹ̀kẹ́ mú fún un, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ẹ̀ta iná. Nígbà tí irin já, olè tẹríba dúpẹ́. Obìnrin náà juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀.

Aláwọ̀ ni.

Onígbàjámọ̀ bi mí pé, “Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

Mo ní rárá. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé irọ́ kọ́ ni mo pa.

Mo fi tó ọlọ́pàá létí, wọ́n ní àwọn á máa wò ó. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í wá ṣe olè mọ́. Olè ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ti Aláwọ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Bó bá ti na ọwọ́ mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ báyìí, kẹ̀kẹ́ mi ni màá rí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá pé mo fẹ́ kó tábìlì mi lọ sí ìkángun, pé ìmọ́lẹ̀ dáa níbẹ̀. Ọ̀gá wò mí. “Ṣé ìjà wà láàárín yín ni?” Mo ní kò sí. Mo kó irinṣẹ́ mi lọ kọjú sí ògiri, mi ò wo ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń fọ ọwọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, Aláwọ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?”

“Ẹ ò fi nǹkan kan ṣẹ̀ mí.”

“Ẹ dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ẹ lọ jókòó ti ògiri. Wọ́n ti ń bi mí bóyá mò ń rùn.”

Mi ò fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ ẹnu mi ti là. “Kẹ̀kẹ́ tí ẹ bá ọkùnrin kan dì mú níwájú ibí lọ́jọ́sí, èmi ni mo ni ín.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí kò mọ irú ojú tí òun máa ṣe. Lẹ́yìn náà ló fara ti ilẹ̀kùn tí omi sì ń dà lójú rẹ̀.

“Ó ní kọ́kọ́rọ́ òun ló sọnù,” ó ní. “Mo káàánú ẹ̀. Mo tún ní kó rọra, kó má baà ha kẹ̀kẹ́ náà lára.” Ó nu ojú rẹ̀. “Àmọ́ ẹ ò sọ fún mi rí pé kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ń gùn wá.”

“Ẹ ò bi mí rí.”

“Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti bi mí rí pé kí ni mò ń wọ̀ wá?”

Òótọ́ ló sọ, Àǹtí. Mi ò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì ni, bóyá ẹsẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ bóyá ó lọ́mọ. Omi ń ṣàn lọ láti ẹnu ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó rántí tì í nínú àwa méjèèjì.

Òun ló ní ká lọ wá kẹ̀kẹ́ náà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a pàdé ní ọjà àlòkù, níbi tí wọ́n máa ń to kẹ̀kẹ́ jọ bí igi ìdáná. Ó ní kí n ṣàpèjúwe kẹ̀kẹ́ náà. Mo sọ ti àwọ̀, mo sọ ti mọ́gáàdì, mo sọ ti ibi ìtẹ̀sẹ̀ tí kò bára mu, mo sọ bí aago rẹ̀ ṣe máa ń dún lẹ́ẹ̀kan tí á sì há. Mo sọ ọ́ títí ojú ń tì mí. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ló bá ṣíwájú, ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ òǹtajà kan sí òmíràn, ó ń ṣàlàyé kẹ̀kẹ́ mi bí ẹni tó ti ń gùn ún láti kékeré. “Aago ẹ̀ máa ń há, ẹ bá mi wò ó dáadáa.” A ò rí i.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó to àgádágodo sọ́wọ́ ọ̀tún, tó sì to ẹ̀rọ ìgérin oníbátìrì sọ́wọ́ òsì. Aláwọ̀ fọwọ́ lé ìbàdí.

“Bàbá, ẹ̀ ń ta àìsàn, ẹ tún ń ta oògùn ẹ̀?”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, oògùn ọ̀hún ò kápá àìsàn náà mọ́. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ gé irin tó ki báyìí á gbé jẹnẹrétọ̀ wá, á fa wáyà, gbogbo àdúgbò á mọ̀. Ní báyìí ẹ̀rọ ìgérin ń wọnú báàgì ọmọ iléèwé, ọ̀pọ̀ gan-an ló sì ń tà á.”

Mo bi í pé kí wá ni ìwúlò àgádágodo.

“Á dá olè dúró díẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà nítòsí tó máa bi í pé kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn, díẹ̀ náà á tó. Bí kò bá sí, èyí tó wọ́n jù níbí ò ní tó.”

Ó gbé àgádágodo kan tó ti dípẹtà àti ẹ̀rọ ìgérin kan fún mi pé kí n gé e wò. Mo ní kí Aláwọ̀ bá mi dì í mú. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó mi orí. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Bàbá náà ló fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo tẹ ẹ̀rọ, irin ké, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Mo gbójú sókè, mò ń wá ẹni tó máa yíjú wò wá. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ ní tiwọn. Irin já sí méjì.

Ní ibùdókọ̀ ló ti bi mí pé apá ibo ni mò ń gbé. Mo ṣì ń ṣàlàyé nígbà tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀, ọmọ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Mo rìn délé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ti jẹ́ kí ohùn mi há. Mo ti rò pé bí mo bá bá ènìyàn sọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, yàrá yìí á fúyẹ́ lójú mi. Ńṣe ló dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo jẹun lórí ìdúró, mo sùn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé irinṣẹ́ mi padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Aláwọ̀. Ọ̀gá ní, “Ìjà ti parí?” Mo ní, “Kò sí ìjà kankan tẹ́lẹ̀, sà.” Nígbà mìíràn Aláwọ̀ á yọ orin kúrò ní etí kan, á bi mí ní nǹkan, màá dá a lóhùn. Nígbà mìíràn ilẹ̀ á ṣú láìsí ọ̀rọ̀. Mi ò tíì ra kẹ̀kẹ́ mìíràn.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ìkòkò sinmi. Ẹ bá mi kí àkọ́bí yín àti ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ kí àwọn àbúrò rẹ̀, ẹ kí ìyá àgbà tó wà níwájú ilé yín, bí wọ́n bá ṣì ń rántí mi.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín, Àǹtí. Bí ẹ bá pè mí lórí fóònù, tí ẹ bi mí pé báwo ni, dáadáa ni màá sọ. Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ tún bi mí.

Èmi ọmọ tí ẹ pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń kanlẹ̀,

Àbíkẹ́yìn yín.