Bí Mo Ṣe Gé Ìkíni Rẹ Kúrò

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Ilé Ìyá Mi.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó, mo sì kí ọmọ yín tó ń hu eyín. Ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ rójú sùn? Gìgísẹ̀ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jinná? Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Àwọn tó ń gbé fóònù tó já sómi wá fún ọ tún ṣe, ṣé wọ́n ṣì ń búra pé omi ò kàn án? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ojúlọ́nà. Má bínú pé ìkíni yìí pọ̀. Bí o bá ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀, wàá mọ ohun tó lé mi dé ìdí ìkíni.

O rántí pé ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù wa nìkan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi han tíṣà mi ní ilé ẹ̀kọ́ fíìmù. Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fún wa. Ẹni tí tiẹ̀ bá dára ni yóò gba kámẹ́rà ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi ya ìyókù. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá dára, kó fọwọ́ lẹ́rán. Mo kó gbogbo ohun tí a yà jọ sínú kọ̀ǹpútà, ó di ìṣẹ́jú méje. Ìwọ nìkan rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta! Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Mo gé ìrìn tí mo mú ọ rìn nígbà mẹ́rìnlá nínú oòrùn, tí gìgísẹ̀ rẹ fi bó. Mo gé ibi tí o ti kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣì lé díẹ̀, mo gé ibi tí o ti kí bàbá inú eré. Mo ní ta ni kò mọ̀ pé ọmọ tó padà wálé lẹ́yìn ọdún méje á kí bàbá rẹ̀? Nígbà tí mo parí, mo fọwọ́ sọ àyà. Mo ní irú èmi ṣọ̀wọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo pe ìyá mi àti àbúrò wọn sí pálọ̀. Mo fa kọ́tìnnì, mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí àpótí. Ìyá mi wò ọ́ bí o ṣe ṣílẹ̀kùn, tí o kọjá lára káfíńtà àdúgbò wa tí a fi ṣe bàbá, tí o fa àga, tí o sì jókòó. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

“Kò kí i?”

Mo ní, “Ẹ ṣáà máa wò ó, màámi.”

“Ọdún méje! Kò kí bàbá rẹ̀, ó fa àga jókòó! Ṣé Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn tí mo mọ̀ nìyí?”

Àǹtí mi, àbúrò wọn náà, ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń fura sí ọ. Ìyá mi ní bó bá jẹ́ àwọn ni bàbá yẹn, ojú ọ̀nà tí o gbà wọlé náà ni wàá gbà jáde. Mo ní eré ni. Wọ́n ní eré náà ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ ìwàkiwà. Ìwọ tí o máa ń kí ìyá mi títí wọn á fi bẹ̀ ọ́ pé ó tó, ìwọ ni mo sọ di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú wọn. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, mo sì ba tìrẹ jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìbínú pé wọn ò mọ iṣẹ́ ọnà. Mo fẹ́ dá ìkíni rẹ padà, kò sáyè. Mo wá ń wá ohun tí mo lè yọ, ibẹ̀ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ohun tó kọ́kọ́ jáde nínú fíìmù náà ni orúkọ mi: ẹni tó kọ ìtàn. Ó tún jáde: ẹni tó darí. Ó tún jáde: ẹni tó ya àwòrán. Ó tún jáde: ẹni tó tò ó pọ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo tún fi ẹ̀karùn-ún síbẹ̀ pé èmi náà ni mo ni èrò. Ìkọ̀ọ̀kan ń rọra yọ, ó sì ń rọra lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógójì ni orúkọ mi fi ń yan fanda, ìkíni rẹ ò sì ju méjìlá lọ! Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi tí n kì í ṣe àgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ igbá mọ́ ọn.

Mo gé orúkọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí gan-an. Mo wá dá ibi tí o ti kan ilẹ̀kùn àti ìkíni rẹ padà, ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ èsì tí káfíńtà fún ọ. Ṣé o rántí pé wọ́n gbàgbé ohun tí mo kọ fún wọn? O ní, “Ẹ káàsán, bàbá.” Wọn ò gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń fá pákó. Wọ́n ní, “Ilẹ̀kùn yẹn máa ń há. Tì í dáadáa.” Ohùn wọn gbọ̀n díẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo pariwo pé wọ́n ti bà á jẹ́, pé kì í ṣe ohun tí mo kọ nìyẹn. Ọlọ́run ló yọ mí tí wọn ò rántí ohun tí mo kọ.

Lánàá, Ọjọ́bọ̀, tíṣà mi wò ó. Bírò ni wọ́n máa ń há sẹ́nu bí wọ́n bá ń wo iṣẹ́ wa. Nígbà tí fíìmù dé ibi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, wọ́n yọ bírò, wọ́n ní kí n dá a padà. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, “Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn?” Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń retí ìbéèrè yìí, ọjọ́ tó wá dé, kì í ṣe èmi! Mo jẹ́wọ́ pé káfíńtà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún mi ní kámẹ́rà. Wọ́n ní kí n fi orúkọ mi sí ìparí, lẹ́yìn ti káfíńtà.

Nítorí náà, múra kí o wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Mi ò ní mú ọ rìn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Má sì bẹ̀rù ilé wa, ọ̀rọ̀ rẹ ti yanjú. Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà délé lánàá ni mo tún gbé fíìmù náà síwájú ìyá mi. Wọ́n káwọ́ gbera bí adájọ́. O kan ilẹ̀kùn, o wọlé, o ní, “Ẹ káàsán, bàbá.” Kí káfíńtà tó lanu, ìyá mi ti dá ọ lóhùn láti orí àga wọn:

“Káàsán, ọmọ mi. Káàbọ̀.”

Wọ́n ní kí n kí ọ dáadáa. Wọn ò béèrè ẹni tó ṣe fíìmù.

Bá mi kí ìyàwó, kí o bá mi gbé ọmọ jó díẹ̀.

                                        Èmi ni tìrẹ, ní ìsàlẹ̀ pátápátá,
                                        Dáírẹ́kítọ̀.