Ẹ̀wù Tówẹ́ẹ̀lì Tí Aládùúgbò Wa Wọ̀ Lọ

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ibi tí ẹ wà tutù? Yàrá wa ní Kabala náà ni mo ṣì ń gbé, ṣùgbọ́n Kàdúná tí ẹ mọ̀ kọ́ nìyí mọ́.

Máṣíìnì yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀wù tówẹ́ẹ̀lì tí ẹ kọ́ mi láti rán ni mo fi ń jẹun. Àwọn ìyàwó òyìnbó ní Kakuri ṣì ń gbé tówẹ́ẹ̀lì wá kí n fi rán ẹ̀wù tí wọn yóò wọ̀ jáde ní balùwẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí n tó gé e, bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kó má baà súnkì lẹ́yìn tí mo bá rán an tán. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè fi ètè mú abẹ́rẹ́. Báwo lẹ ṣe ń fi ètè mú un tí ẹ tún ń kọrin?

Ẹ rántí Màmá Ngozi, ará Ìbò tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó máa ń bá yín bó ẹ̀gúsí. Ó lóyún. Nítorí pé wọ́n ti ń pa àwọn ará Ìbò níhìn-ín, ọkọ rẹ̀ ti mú Ngozi lọ sí ilẹ̀ Ìbò láti wá ibi tí wọn yóò máa gbé, kò sì tíì padà. Ọjà ti ń dákẹ́ bó bá ti ń kọjá. Lọ́jọ́ kan, a rí i pé ẹnìkan ti fi ẹfun fa ìlà sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo fi omi nù ún. Lọ́jọ́ kejì, ìlà náà tún ti wà níbẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ìró igi. Àwọn ọkùnrin ń fi gbá ògiri bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Mo sáré lọ fà á jáde tòun ti ọṣẹ lára. Ẹ̀wù oníbàárà kan, èyí tí mo rán fìlà mọ́ lọ́rùn, ló wà lórí máṣíìnì. Mo gbé e wọ̀ ọ́, mo fa fìlà náà bò ó lójú, mo sì ní kó dùbúlẹ̀ sórí ẹní yín.

"Wace ce wannan?" Ọ̀kan nínú wọn ń bi mí pé ta nìyí.

"'Yar'uwata ce," ni mo dáhùn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, ara rẹ̀ kò yá.

Ó ní kó sọ̀rọ̀ kí òun gbọ́. Màmá, mo mọ̀ pé bó bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, wọn yóò gbọ́ ohùn Ìbò, ó ti parí. Ó kàn ń gbọ̀n ni, omi ìwẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀ bí òógùn ibà.

"Agana ce," mo ní. Mo ní Ṣànpọ̀nná ni.

Ọkùnrin náà fẹ̀yìn rìn jáde. Ó ní àwọn ń padà bọ̀.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, awakọ̀ kan láti Kawo, tí mo máa ń ránṣọ fún ìyàwó rẹ̀, gbé e sáàárín àpò àlùbọ́sà nínú ọkọ̀ rẹ̀, láti gbé e lọ sí ilẹ̀ Ìbò. Ẹ̀wù náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Bí mo bá bímọ, màá ránṣẹ́ sí ẹ," ló sọ fún mi, ní Yorùbá tí ẹ kọ́ ọ.

Awakọ̀ ti dé. Ó ní òun gbé e dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní.

Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín lọ́run ni? Bó bá ti dé, ẹ má fi hàn mí lójú àlá.

Láàárọ̀ yìí, nídìí ẹ̀rọ omi, obìnrin Háúsá tí a ti jọ ń pọn omi láti kékeré bi mí pé ibo gan-an ni ìlú baba mi. Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé apá Kábà ni. Ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ.

Màmá, ṣé ó yẹ kí n purọ́ fún un nípa ìlú wa ni?

Èmi ni,
Ọmọbìnrin yín, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.