Ìkẹ́dùn sí Bàbá Télọ̀: Ohun Tó Gba Ẹ̀rín Lẹ́nu Ìyá Ta-Ló-Sọ-Ọ́

Sí Bàbá Télọ̀, àwọn ọmọ, àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn tó wúwo ju ogún àpò sìmẹ́ǹtì lọ ni àwa Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ilé-Ìwé Gíga fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú ìyàwó yín, ìyá àwọn ọmọ yín, olùkọ́ wa àgbà, tí gbogbo ọgbà mọ̀ sí Ìyá Ta-Ló-Sọ-Ọ́. Ó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí tí a sin wọ́n. A mọ̀ pé ìwé yìí pẹ́. Ó nídìí tó fi pẹ́, ìdí náà la sì fẹ́ rò fún yín.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Màmá fi kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ṣe ń kọ ìwé ìwádìí, àti bí a ṣe ń sọ ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀ tí a kọ. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé, tí àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ń sá fún un bí ẹni rí paramọ́lẹ̀, Màmá ló kọ́kọ́ fa àga sídìí rẹ̀. Wọ́n ṣí ojú ewé kan síbẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ á máa kọ̀wé, tí Màmá náà á máa kà á bó ṣe ń kọ ọ́. Bí ọmọ bá kọ gbólóhùn tí kò ní orísun, kó tó fi àmì parí rẹ̀, ìbéèrè Màmá á ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́: “Ta ló sọ ọ́?” Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa búra pé òun sọ fún Màmá lọ́jọ́ kan pé òjò ń bọ̀, wọ́n ní kó mú ojú ewé wá. Bí a bá so gbogbo àtúnṣe tí Màmá ṣe sínú ìwé àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ra, yóò dé ojú òṣùpá, èyí tó kù á sì tó di ẹrù bọ̀.

Bàbá, lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ fa alága wa sẹ́yìn mọ́tò, ẹ ní: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí ni mo fi ṣe obìnrin yìí? Oṣù mẹ́ta gbáko, kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ṣé ó sọ nǹkan fún yín ni?” Alága wa wo ilẹ̀, ó ní, “Bàbá, iṣẹ́ ló pọ̀.” Irọ́ ni. Ẹgbẹ́ wa mọ ohun tó ṣe Màmá.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí a ń pè ní Ọmọ Oníbúrẹ́dì, torí ilé búrẹ́dì ìyá rẹ̀ ló ti ń wá sí kíláàsì, ìyẹ̀fun á ṣì wà létí rẹ̀. Ó ń kọ̀wé lórí bí àwọn tó ń yan búrẹ́dì ṣe ń rí oorun sùn. Màmá fẹ́ràn ìwé náà. Kí ọmọ náà tó kọ ọ́ tán, Màmá gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ inú ìwé ti wà níbòmíràn rí, kí ọmọ lè tètè mọ ibi tó kù sí. Ibi méjì lèèyàn lè tẹ̀ lórí ẹ̀rọ yẹn. Ọ̀kan á wo ìwé, á sì gbàgbé rẹ̀. Èkejì á wo ìwé, á gbé e mì, kò sì ní pọ̀ ọ́ títí ayé, á sì máa fi yẹ ìwé tó bá tún dé wò. Èkejì ni Màmá tẹ̀, wọn ò sì mọ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, odindi ìwé dé. Ẹ̀rọ ní mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló bá ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan mu. Kò dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ojú ewé pupa látòkè délẹ̀ bí ẹni da ata lé e. Inú bí Màmá, torí ohun tí ẹni tí a fẹ́ràn bá ṣe ló ń dunni. Ọmọ náà kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì: “Mà, èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ní mo jí i kọ lọ́wọ́ ẹ̀.” Màmá ní, “Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn.” Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà akẹ́kọ̀ọ́, ìgbìmọ̀ sì ní kó lọ fi ọdún kan jókòó sílé. Màmá tó ń bi gbogbo ayé pé ta ló sọ ọ́, lọ́jọ́ yẹn, wọn ò bi ẹ̀rọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ yẹ ìwé ẹlòmíràn wò, wọ́n rí i pé ibi kejì yẹn ni ìka wọn tún ń lọ. Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n padà sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ láti wá ẹni tó gbé ìwé tí ọmọ náà “jí” wọlé. Orúkọ ara wọn ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí: ẹ̀dà àkọ́kọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi pè é lólè. Olùtọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí ní, “Mà, ṣé ara yín yá?” Màmá ní, “Èmi ni.” Kò yé e nígbà náà.

Màmá lọ bá alága ìgbìmọ̀. Ó ní: “Ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀, Mà. Bí a bá gbà pé ẹ̀rọ ń ṣini lọ́nà, gbogbo àwọn tí a ti lé láti ọdún méje á gbé ẹní wá sẹ́nu ọ̀nà.” Wọ́n wá bá àwa náà. Àgbà méje la wà nínú yàrá. Àwa la sọ fún wọn pé: “Ìfẹ̀yìntì yín ku oṣù mẹ́fà. Ẹ má fọwọ́ ara yín da epo sáṣọ ara yín. Ọmọdé ni, á gbàgbé.” Ojú ń tì wá bí a ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọmọ náà kò gbàgbé. Wọ́n lé e kúrò nílé-ìwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí lé e kúrò lórí ojú ewé Màmá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé síbẹ̀, iná kékeré aláwọ̀ ewé á tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Méjìdínlógójì ni kíláàsì Màmá. Ní gbogbo ọ̀sán tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, iná mọ́kàndínlógójì ló ń tàn. Èyí tó lé yẹn kì í kọ nǹkan kan, kì í béèrè. Á kàn tàn títí ẹ̀kọ́ á fi parí, á sì kú. Màmá kọ ọ́ sí i lọ́jọ́ kan pé, “Ṣé ìwọ nìyẹn?” Kò dáhùn. Wọ́n wá ń lẹ bébà mọ́ igun kọ̀ǹpútà níbi tí iná náà wà. Bébà já bọ́ lọ́sàn-án kan, Màmá sì fi gbólóhùn sílẹ̀ láàárín, wọ́n ń wá bébà náà nílẹ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń jí ẹyẹ lórí igi ọgbà kejì wá ń sọ̀rọ̀ bíi pé aláìsàn ń sùn nínú yàrá.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. A ò ní fi tiwa kún ohun tí dókítà sọ.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú, kíláàsì jókòó sí yàrá kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án gangan, iná tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Màmá. Àwọn ọmọ tú jáde bí oyin tí wọ́n fi iná sí nídìí. Ọ̀kan fo tábìlì mẹ́ta láìfọwọ́ kan ọ̀kankan. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sá débi pé bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́dọ̀ wa di òní. Olùtọ́jú yàrá nìkan ló kù, kì í ṣe pé ó láyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ̀. Ó pe fóònù ilé yín, àkọ́bí yín ló sì gbé e: “Èmi ni, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà Màmi ni mo ṣí, fọ́tò wọn ni mò ń wá.” “Èmi ni” yẹn rán olùtọ́jú létí ti Màmá ọjọ́sí. Ó ní: “Àǹtí, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ bá mi wò ó bóyá wọ́n kọ nǹkan nípa Ọmọ Oníbúrẹ́dì.”

Ó wà níbẹ̀: lẹ́tà sí ìgbìmọ̀, ojú ewé mẹ́rin, pẹ̀lú àwòrán àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Kò tíì parí, wọn ò sì tíì fi ránṣẹ́. Àwa la bẹ àkọ́bí yín pé kó má tíì sọ fún yín, kí a má baà ṣèlérí ohun tí a ò lè ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àwa àgbà méje gbé lẹ́tà náà dé iwájú ìgbìmọ̀. A ní bí wọn ò bá kà á, a máa kà á sókè láàárín ọgbà. Wọ́n kà á. Wọ́n dá ọmọ náà láre, wọ́n sì ń tún ẹjọ́ gbogbo àwọn tí ẹ̀rọ yẹn nìkan jẹ́rìí sí wò. Nígbà tí a dé ilé búrẹ́dì láti sọ fún un, ó ń po ìyẹ̀fun, kò dáwọ́ dúró. A bi í léèrè ohun tó ń wá lórí ojú ewé yẹn lójoojúmọ́. Ó ní: “Ẹ̀kọ́ ni mò ń tẹ̀lé. Mi ò fẹ́ kó kọjá mi kí n tó padà.” Kí ló dé tí kò dá Màmá lóhùn? “Mo rò pé bí mo bá dáhùn, wọ́n á tì í mọ́ mi.”

Ẹgbẹ́ wa ṣèlérí pé ojú ewé Màmá kò ní kú. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò sì ní jáde kúrò nílé-ìwé yìí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, àfi bí èèyàn méjì bá ti wo ẹni tó gbé ìwé wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ọwọ́ wa nínú ohunkóhun nílé, ẹ ránṣẹ́, a ó dé kí oníṣẹ́ tó padà.

Bàbá, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹrin, Màmá kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. A kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an: “Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi. Ó ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé ìyàwó òun kì í ṣìṣe. Bí mo bá jẹ́ kó wo ojú mi dáadáa, yóò mọ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́ tún un ṣe, kí n tó”

Ibẹ̀ ni lẹ́tà dúró sí. Ẹ ò ṣẹ̀ wọ́n, Bàbá.

Kí Ọlọ́run tó mọ ohun tí ẹnìkan ń rù láìsọ wọ inú ṣọ́ọ̀bù yín, kó jókòó tì yín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kó má sì tètè dìde. Kó nu ojú àwọn ọmọ nù. Kó fún Màmá ní ìsinmi tí oṣù mẹ́ta yẹn kò fún wọn.

Akọ̀wé,
fún gbogbo Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ilé-Ìwé Gíga