Bàtà Ṣọ́jà Tí Mo Fọ̀ ní Ìbà

Ilé Bàbá Rẹ,
Ìgbógìlà.

Ọláwùnmí, ọmọ mi,

Wọ́n ní ìkíni la fi ń ṣí ojú lẹ́tà, nítorí náà mo kí ọ. Mo kí Bíọ́dún ọkọ rẹ. Mo kí Mùsítúrà ará ilé yín, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò mí bí ẹni ń wo ìran lọ́jọ́ tó o pariwo mọ́ mi. Àìsàn kò ní mọ ilé yín, ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kọ, ohun tí ẹ bá dáwọ́ lé kò ní bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Àmín. Àdúrà ìyá kì í dúró de ìgbà tí inú ìyá bá rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ gbà á tán kí n tó sọ tinú mi.

Nílé níbí, a wà. Bàbá rẹ ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sóko, àgbàdo ti ń yọ ọmọ, ìjì ti ṣí páànù ilé ìdáná lápá kan, ewúrẹ́ dúdú yẹn sì ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí inú rẹ dùn jù sí ti ewúrẹ́, nítorí inú ń bí mi.

Inú ń bí mi, Ọláwùnmí. Ó bí mi nínú mọ́tò, ó bí mi ní Sàngó nígbà tí mo sọ̀ láti wọ òmíràn, mo délé ó tún ń bí mi, àmọ́ àná gan-an ló wá bọ́ sójú, nígbà tí Abọ́dúnrìn ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí láti Abẹ́òkúta, tó ní o sọ fún òun pé Màámi ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́ tán, wọ́n sì sá lọ. Èmi ni mo sá? Jókòó kó o ka lẹ́tà yìí. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí obìnrin kan wà nínú fóònù mi tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn ló máa ní owó mi ti tán, kò sì sí ẹni tó bi í.

Mo wá wò yín pẹ̀lú inú dídùn. Mo gbé ẹ̀fọ́ wá, mo gbé èlùbọ́ wá. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé bó o bá ti ti ilé ìwé tó o ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ dé, o kì í sinmi, ilé ìdáná lo máa ń wọ̀ lọ. O ó gbé iyán funfun kan jáde, o ó máa po àwọ̀ mọ́ ọn, o ó fi pákó yí i títí á fi tẹ́ bí aṣọ. Mo ní kí n bá ọ fi ọbẹ̀ jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, o ní kì í ṣe iyán, o ní fọ́ńdánǹtì ni, ṣúgà tí wọ́n fi ń bo kéèkì. Mo bi ọkọ rẹ pé ṣé owó oṣù kò tó yín ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti owó kọ́ o, Màámi, họ́bì ni. Àyà mi já. Mo bi í pé látìgbà wo ni họ́bì náà ti mú ọ. Ó ní ó ti pẹ́, ó ní bó bá dé nígbà mìíràn kì í jẹ́ kó o sùn. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́! Mo wọ yàrá lọ, mo gbààwẹ̀ lé e lórí. O rí i pé mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ kejì, o rò pé oúnjẹ rẹ ni kò dùn mọ́ mi lẹ́nu. Nítorí họ́bì rẹ ni.

O fi àwòrán hàn mí nínú fóònù lóòótọ́: báàgì obìnrin, bọ́ọ̀lù, ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹja tútù tó la ẹnu sílẹ̀. O ní kéèkì ni gbogbo wọn. Mo ní ó dáa. Kéèkì tí èmi mọ̀, róbótó ló máa ń rí, wọ́n á sì kọ orúkọ Jésù sí i lórí nígbà Kérésìmesì. Mo rò pé o ń fi ohun tó o máa fi owó kéèkì rà hàn mí ni, mo sì ń gbàdúrà lé e pé kí Ọlọ́run ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà fún ọ, mo ní kó fi ẹja náà sílẹ̀, ẹja kò nira.

Ó wá di àárọ̀ Sátidé. O ti jáde lọ sí Okokomaiko láti ra páálí, ọkọ rẹ wà níta. Mo wọ pálọ̀, kí ni mo rí? Bàtà ṣọ́jà méjì, dúdú, ẹrẹ̀ lára wọn, lórí tábìlì tí a ti jẹ ẹ̀wà lálẹ́! Mo rí i tí wọ́n kọ Sájẹ́ǹtì Bámikẹ́ sí ara pákó tí wọ́n gbé wọn lé. Mo ní ha, àbí ṣọ́jà wọlé wá nígbà tí mo sùn ni? Mo ní irú ìyàwó wo rèé tó ń gbé bàtà sórí tábìlì oúnjẹ, ará ilé ọkọ rẹ á ní mi ò kọ́ ọ. Mo gbé ọ̀kan. Ó wúwo, mo ní bàtà ìjọba ni, ó yẹ kó wúwo. Mo gbé e sínú báàfù lẹ́yìn ilé, mo bu omi sí i, mo fi ọṣẹ àti kànìnkàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Omi náà dú. Inú mi dùn, mo ní ìdọ̀tí ń jáde. Imú bàtà yọ, mo ní awọ rẹ̀ kò dára. Mo da omi nù, mo bu òmíràn, bàtà ń kéré sí i. Àwọn adìyẹ Mùsítúrà pé lé mi lórí, wọ́n ń ṣá ohun tó dà sílẹ̀ jẹ, mo ń lé wọn, mo ní ẹ má jẹ awọ, á pa yín. Òógùn bọ́ sí mi lẹ́nu, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé bàtà náà dùn. Mo ṣì dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi wà lẹ́nu, nígbà tó o wọlé.

O mọ ohun tó o sọ. Ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́ síbí kó o fi ojú ara rẹ rí i. O ní Màámi, kí lẹ ṣe fún mi. O ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko lo fi ṣe é. O ní ọ̀sán òní ni wọ́n máa ṣe ìdágbére fún Bámikẹ́, ṣọ́jà obìnrin tó ń fẹ̀yìn tì, ní bárékè Ọ̀jọ́. Gbogbo ìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n o tún ní, ẹ ò mọ nǹkan kan, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn lẹ máa ń bà jẹ́. Lójú Mùsítúrà. Lójú adìyẹ. O wọlé lọ, o gbé bàtà kejì tí mi ò fọwọ́ kàn rárá, o là á mọ́lẹ̀. Ṣé o sọ ìyẹn fún Abọ́dúnrìn? Èmi fọ ọ̀kan nítorí mi ò mọ̀, ìwọ tó o mọ̀ fọ́ ọ̀kan túútúú, ta ni kí wọ́n pè ní abanǹkanjẹ́ nínú wa? O ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, o pa fóònù. Ọkọ rẹ ní kí n má dá ọ lóhùn, ó wá ń ṣàwàdà pé ṣọ́jà á wá kó gbogbo wa lónìí. Èmi kò mọ̀ pé àwàdà ni.

Mo gbé báàgì mi, mo jáde. O gbọ́ dídún géètì, o ní mo sá.

Mo rìn dé Okokomaiko, mo wọ mọ́tò kọ̀rọ̀pẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ̀ mí sí bárékè Ọ̀jọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀: èmi ni mo ba bàtà ìjọba jẹ́, ọmọ mi ò sí nílé, èmi ni kí wọ́n tì mọ́lé, mo kúkú ti dàgbà, mo sì ti gbé aṣọ oorun dání. Ṣọ́jà ẹnu géètì bi mí pé ta ni mo wá rí. Mo ní ẹni tó ni bàtà ni. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní Màmá, gbogbo wa la ní bàtà níbí. Mo ní Bámikẹ́ ni. Ó ní kí n mú káàdì wá. Mo fún un ní káàdì ìdìbò mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ẹni tí mo dìbò fún.

Obìnrin gíga kan ló jáde, aṣọ ṣọ́jà lọ́rùn rẹ̀, fóònù létí, ìwọ ló ń pè tí kò wọlé. Mo kúnlẹ̀. Ó fò sẹ́yìn, ó ní Màmá, ẹ dìde, ẹ má fi èpè lé mi lórí. Mo ní bàtà rẹ, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Nígbà tó yé e, ojú rẹ̀ le, Ọláwùnmí. Ó ní òun ti pe ọ̀gá òun wá wo kéèkì yìí, ó ní gbogbo ìgbà èwe òun lòun fi sin ìjọba, òní nìkan lòun ní kí wọ́n fi yẹ́ òun sí. Mi ò lè gbójú sókè. Ó wá bi mí, bí ẹni tó ń bínú lọ, pé báwo lèèyàn ṣe lè rò pé kéèkì jẹ́ bàtà. Mo ní ẹrẹ̀ wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Mo ní okùn rẹ̀ tú lápá kan. Mo ní ibi àtàǹpàkò ti tẹ̀ wọnú, bíi bàtà ẹni tó ti rìn jìnnà. Ó ní, Màmá, ọmọ yín ṣe ibi tó tẹ̀ wọnú yẹn? Mo ní ó ṣe é, mo tiẹ̀ fi kànìnkàn há a.

Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé bàtà tirẹ̀ gan-an jáde, ti gidi, ó sì gbé e sáàárín tábìlì tí ìrẹsì àti ẹran wà lórí rẹ̀! Inú tún bí mi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́jà ló wà níbẹ̀, mo pa ẹnu mọ́. Ó ní kí n dìde dúró, ó sọ fún wọn pé kéèkì tí òun ṣètò jọ bàtà yìí débi pé ìyá àgbà fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀, baba eléwú, tẹ̀ ba bàtà náà, ó wò ó, ó ní ta ni ẹni tó fi ojú rí gbogbo èyí. Mo ní ọmọ mi ni. Ohùn mi le nígbà tí mo sọ ọ́, mo fẹ́ kí àwọn ti ẹ̀yìn gbọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Bámikẹ́ kọ̀wé sí ọ pé kó o má dààmú, pé kò sí wàhálà, kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ kàn rọ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo lọ fi orúnkún rọ̀ ọ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ṣì fẹ́ kó o ṣe fìlà òun. Mo ní ó dáa, fìlà sàn, kì í ṣe ẹsẹ̀ la ń wọ̀ ọ́ sí. Mo fẹ́ padà wá sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀, mo tiẹ̀ dé Ìyànà-Ìbà, àmọ́ mo rántí pé o ní mi ò mọ nǹkan kan, mo bá wọ mọ́tò ilé.

Má fi fóònù bẹ̀ mí. Wá fúnra rẹ, kó o wá sọ ẹ jọ̀ọ́ lójú bàbá rẹ. Fi owó páànù ilé ìdáná ránṣẹ́, àti ti òróró ìpara fún orúnkún mi, o mọ ibi tó ti ń dùn mí. Fi owó fúláwà àti ṣúgà kún un, àti owó díẹ̀ fún iyán tí kì í ṣe iyán yẹn. Láti ìjẹta ni mo ti ń fi èlùbọ́ mọ adìyẹ kan. Ìyá Rodiyat aládùúgbò wa wọlé lánàá, ó ní ìjàpá yìí mà dára o. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀.

Ọlọ́run á pa ọwọ́ rẹ mọ́ fún ọ. Ojú rẹ kò ní ṣú, oorun rẹ á máa dùn, ọmọ tìrẹ náà á mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kò sì ní fọ̀ ọ́.

Inú ṣì ń bí mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.